Èmi Ni Mo Kọ́ Aránṣọ Ní Irọ́ Tó Gbé E Lọ Sẹ́wọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, àtẹ́wọ́ yẹn ti tó. Gbogbo ìyìn tí Ọ̀gá Àgbà ti ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí láti àárọ̀, mo gbọ́ ọ, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí ojú ń tì. Lóòótọ́ ni mo jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sídìí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílùú yìí. Lóòótọ́ ni mo di alágbàfọ̀ ní bárékè àwọn ọ̀tá nígbà ogun, tí mo ń lọ aṣọ wọn, tí mo sì ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá sílé fún àwọn tiwa. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó sọ mí di ẹni ńlá, ẹjọ́ aránṣọ tó fi májèlé pa ọkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀yin ọmọbìnrin wọ̀nyí níṣẹ́, irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́, n kò sọ ọ́. Lónìí tí wọ́n fẹ́ kan orúkọ mi mọ́ ògiri gbọ̀ngán yìí, mo ní kí n tètè sọ ọ́, torí ìṣó tí wọ́n bá ti kàn tán, wàhálà ni láti yọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà ọkùnrin tí ẹ wà níwájú, mo rí i bí ẹ ṣe ń wo ojú ara yín. Ẹ má tíì dìde. Dókítà sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé mo ti mọ̀ kó tó mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú ló la ẹnu mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ sọ lẹ́yìn mi pé, "Àbí a ò wí? Obìnrin ò lè ṣe iṣẹ́ yìí." Irọ́ tí mo pa kò wá láti ara pé mo jẹ́ obìnrin. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, ẹ̀yin ni ẹ sì kọ́ mi. Mo kàn mọ̀ ọ́n ṣe ju yín lọ ni.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwa obìnrin mẹ́rin ni wọ́n gbà, iṣẹ́ wa sì ni láti máa tú ara àwọn obìnrin tí wọ́n bá mú wò. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fi wá sí, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí. Ọ̀gá wa nígbà náà, Onírùngbọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pè é, a sì máa pè wá ní ìyàwó ilé iṣẹ́. Bó bá fẹ́ tíì, á kígbe pè wá. Bí àlejò rẹ̀ bá dé, á ní ká jáde wá kí wọ́n, bí ẹni pé òun ló bí wa. Mo ń fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú ara àwọn obìnrin yẹn wò ni mo ń tú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí àwọn ọkùnrin gba oyè lé lórí, inú yàrá ìgbálẹ̀ yẹn ni mo ti yanjú rẹ̀. Mo lọ bá Onírùngbọ̀n, mo ní kó fún wa níṣẹ́ gidi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún lọ. Ìgbà tí mo lọ tó tí ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Obìnrin kan wà ní àtìmọ́lé tó pa ọkọ rẹ̀ tí kò la ẹnu. Wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, kí o lọ bá a gbé. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ló ṣe é, ẹ ó ní ẹ̀ka tiyín àti ọ́fíìsì tiyín. Bí o kò bá gbọ́ ọ, kí gbogbo yín máa lọ sílé yín." Mo ní mo gbà. N kò bèèrè bóyá obìnrin náà ló pa á lóòótọ́. Ẹ kíyè sí ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà, tẹ̀rín-tẹ̀rín sì ni mo fi gba ibẹ̀.

Bí ẹjọ́ náà ṣe rí nìyí. Alágbẹ̀dẹ góòlù ni ọkùnrin tó kú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ní ìsọ̀. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, a sì máa lo òògùn kan tí wọ́n ń rọ sínú ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ yá láti na ìyàwó rẹ̀; gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mu òògùn ikọ́ rẹ̀ nílé, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgò náà wò, wọ́n bá omi tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń fọ góòlù nínú rẹ̀, májèlé sì ni omi yẹn. Àwọn ọlọ́pàá ní ìyàwó ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ìsọ̀, òun náà ló ń jẹ ìyà, ta ni kí àwọn tún máa wá kiri? Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ní ìsọ̀ sì búra pé inú ìkòkò onítìtì tó ní kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ń tọ́jú omi náà sí, pé kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì bù ú. Wọ́n gbé obìnrin náà. Aránṣọ ni, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, mo wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì tì mí mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé mo jí ohun ọ̀ṣọ́ ọ̀gá mi ni. Kò wádìí mi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n fún wa, ó fa èyí tó pọ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìdun inú àtìmọ́lé yẹn kò mọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yàtọ̀ sí olè, wọ́n fi mí ṣe ìjẹ dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ dí ojú ihò wọn. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rín á pa ọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ràn nínú ẹ̀wọ̀n ni pé kò sí oníbàárà tó ń pariwo lé òun lórí pé aṣọ ọdún òun kò tíì parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́: mo fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ mo ṣe ohun tí mo ṣe sí i.

Wọ́dà kan tí orí rẹ̀ kò pé ló tú mi fó. À ń rán àpò lọ́wọ́ ní àgbàlá, ó kọjá, ó rí mi, ó gbàgbé pé ẹlẹ́wọ̀n ni mo jẹ́, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó rántí, ó yára yí padà bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Aránṣọ kò gbé ojú sókè. Ó rán àpò ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gé òwú rẹ̀ pẹ̀lú eyín, ó wá ní, "Olè tí wọ́dà ń tẹrí ba fún, olè ńlá ni. Àbúrò mi, ta ló rán ọ sí mi?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé òun kò bínú, pé ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò ṣẹ òun. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi, ó ní, "Lọ sọ fún wọn pé èmi ni. Mo bu májèlé sínú tíì rẹ̀, ó mu ún, ó kú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yìí dáadáa. Ọkùnrin náà kò mu tíì lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn dókítà rí. Ẹni tó pànìyàn mọ ohun tó fi pa á. Wọn kò tíì sọ ọ́ fún obìnrin yìí, kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti mọ̀ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe, ni kí n dìde, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n lọ sọ fún Onírùngbọ̀n pé wọ́n ti mú ẹni tí kì í ṣe. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ ohùn mi mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe tíì. Inú òògùn ikọ́ rẹ̀ ni." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òògùn ikọ́. Mo gbàgbé ni." Mo bi í pé ta ló máa ń bu òògùn náà fún ọkùnrin náà. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí, ó ní, "Èmi ni mo máa ń bù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọmọ mi ni, irọ́ ló pa." Èmi kò dárúkọ ọmọ. Òun ló dárúkọ rẹ̀. Mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà: ọmọ ló ń bu òògùn fún bàbá, ìyá sì rò pé ọmọ ló fi májèlé sí i, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ dí i. Ó ní, "O ti bímọ rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣáà ràn mí lọ́wọ́."

Mo ràn án lọ́wọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé lórin. Mo sọ irú ìgò tó jẹ́ fún un, mo sọ bí májèlé náà ṣe ń rùn, mo ní kó sọ pé ọjọ́ tí òun gbé oúnjẹ lọ sí ìsọ̀ ni òun bu díẹ̀ pamọ́. Bó bá ṣì í, mo máa ń tún un ṣe. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, mo jáde, mo wẹ̀, mo lọ sọ fún Onírùngbọ̀n pé obìnrin náà ti jẹ́wọ́. Ní kóòtù, mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra. Agbẹjọ́rò tó ń gbèjà rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu?" Mo wo ojú rẹ̀, mo ní rárá. Mo sọ fún adájọ́ nípa àpá tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ ọ́ débi pé àwọn obìnrin tó wá gbọ́ ẹjọ́ ń nu ojú, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí wọ́n yẹgi fún un. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Adájọ́ ní òun kò tíì rí ẹlẹ́rìí tó mọ́ tó mi. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n fún wa ní ọ́fíìsì onífèrèsé méjì, wọ́n kọ "Ẹ̀ka Àwọn Obìnrin" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì gbé mi lé èjìká.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú yẹn, n kò ní bẹ̀ yín. N ó sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ wò ó níran nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń nà án, ẹ̀yin náà lẹ kò wádìí, ẹ sì fẹ́ ẹnì kan tí ẹ ó tì mọ́lé. Obìnrin kan ní òun fẹ́ gba ìyà ọmọ òun jẹ, obìnrin kejì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lójú mi nígbà náà, àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi ọmọ ọlọ́mọ bora bí aṣọ. Bí kò bá sí ọ́fíìsì onífèrèsé méjì yẹn, ṣé àánú á ṣe mí tó bẹ́ẹ̀? Èyí tó burú jù kò sì tíì jáde lẹ́nu mi.

Mo máa ń lọ wò ó. Mo ń gbé ọṣẹ àti òwú lọ fún un, wọ́n ti fi í ṣe olórí àwọn tó ń ránṣọ nínú ẹ̀wọ̀n. Ó kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ wá rí òun. Ó ní bó bá rí òun nínú aṣọ yẹn, ọkàn rẹ̀ kò ní gbé e, á lọ jẹ́wọ́, gbogbo ohun tí òun ń jìyà rẹ̀ á sì di òfo. Ó ní kí n máa bá òun fi ojú sí i lókèèrè, níbi tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ìgbàkigbà tí mo bá fẹ́ lọ, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Àbúrò mi, Ọlọ́run á san án fún ọ." Mo ń ṣe àmín. Ẹnu yìí ló ń ṣe àmín.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ti di olórí ẹ̀ka náà, a sì ti pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, alágbẹ̀dẹ tí òun àti olóògbé jọ ní ìsọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ó gbé ohun kan tó fi aṣọ wé dání. Ó ní òun ń kó ìsọ̀ náà kúrò, òun ń ṣí àpótí irinṣẹ́ ńlá kúrò lára ògiri, òun sì rí èyí lẹ́yìn rẹ̀. Ìgò òògùn ikọ́ ni. Kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì rọ òògùn náà sínú rẹ̀ ni ọjọ́ tí ọkùnrin náà kú gan-an. Ó jókòó, ó sọ òótọ́ fún mi. Kò sí ìkòkò onítìtì kankan rí. Inú ìgò òògùn ikọ́ tó ti tán ni àwọn méjèèjì ń rọ omi ìfọ-góòlù náà sí, orí pẹpẹ ni wọ́n ń tò ó sí. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù bà á, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi parọ́ fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra òògùn tuntun lọ́jọ́ náà, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó já bọ́ sẹ́yìn àpótí irinṣẹ́; nígbà tó ń lọ sílé, ìgò májèlé ló mú, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ikú lọ sílé. Ìyàwó kò pa á, ọmọ kò pa á, kò sẹ́ni tó pa á. Alágbẹ̀dẹ náà ń sunkún. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún adájọ́. Obìnrin yẹn kò ṣe nǹkan kan."

Wákàtí díẹ̀ péré ni ì bá gbà mí láti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí n má pọ́n ọn lé. Mo ro ẹ̀rín Onírùngbọ̀n. Mo ro bí wọn yóò ṣe bi mí pé, bí obìnrin náà kò bá ṣe é, báwo ló ṣe wá mọ gbogbo ohun tó jẹ́wọ́ rẹ̀? Mo ro àwọn ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì, tí wọ́n ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, pé wọn á padà sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ro orúkọ mi. Mo wá wo ọkùnrin tó ń sunkún yìí, mo ní, "Bó o bá lọ sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ tì mọ́lé. O búra èké ní kóòtù. Májèlé rẹ ló pa á. Ta ló máa gbà pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ìsọ̀ lè di tìrẹ nìkan?" Ó ní, "Mà, n kò ṣe é." Mo ní, "Obìnrin yẹn náà kò ṣe é. Ṣé ìyẹn gbà á?" Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, n kò sì gbé e mì. Ó dìde, ó fi ìgò náà sílẹ̀, ó jáde lọ láì dágbére. Mo gbé ìgò náà lọ síbi tí a ti ń fọ ife, mo da òògùn náà sínú gọ́tà, mo fi èékánná ha bébà ara rẹ̀ kúrò, mo fọ̀ ọ́ mọ́. Mo gbé e síbẹ̀ kó gbẹ. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rí i, kò mọ nǹkan kan, ó fi òdòdó sínú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń wò ó, mo sì ń jẹun.

Nígbà tí mo tún lọ wo aránṣọ, ó ti rù. Àyà ń dùn ún. Ó bi mí léèrè ọmọ rẹ̀, mo ní ó ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ ò rí i, ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ẹ̀wọ̀n ló ń gba ọmọ tuntun báyìí, ó ní òun kò kábàámọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí mo mọ̀ wà ní ẹnu mi. Bí mo bá tiẹ̀ ń bẹ̀rù kóòtù, mo lè sọ ọ́ sí i létí lásán, pé ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín kò pa bàbá rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ kó tó kú. Kò ní ná mi ní nǹkan kan. N kò sọ ọ́. Mo di àpò mi, mo lọ. Ó kú nínú ẹ̀wọ̀n, ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé apààyàn ni ọmọ òun. Èmi, wọ́dà kan àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ la sin ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí n mú èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni n ó mú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi tí mo wà nídìí irọ́, mo lè sọ fún yín pé òtítọ́ ò sáré lé mi rárá. Ọmọ náà ló wá. Ó ti di ìyálọ́mọ, irun orí rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sọ gbọ̀ngán, ó wá sílé mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní mi, ó ní, "Màmá, ẹ wá mú mi. Èmi ni mo pa bàbá mi. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Ó ní ìgò inú àpò ẹ̀wù bàbá òun ni òun mú, torí èyí tó wà nílé ti tán. Ó ní nígbà tí òun ṣí i, òórùn rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Bàbá ti na ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú ń bí i, kò bèèrè, ó bù ú fún un. Ó ní, "Mo gbọ́ òórùn yẹn, mo sì bù ú." Láti ìgbà náà ló ti gbé e. Ó ń gbẹ̀bí àwọn ọmọ kiri, ó ń rò pé ọwọ́ apààyàn ni òun fi ń gbà wọ́n. Kí ni mo ṣe? Mo fún un lómi mu. Mo ní kó lọ gbàgbé rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà jókòó, mo rí i pé ìkà tí mo ṣe fún ìyá ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún ọmọ, láì sí Onírùngbọ̀n kankan lẹ́yìn mi, láì sí ọ́fíìsì tí mò ń dáàbò bò. Ìwà mi ni.

Mo wá gbé ẹjọ́ ara mi jáde bí mo ṣe máa ń gbé ti àwọn ọ̀daràn. Mo wá alágbẹ̀dẹ yẹn rí. Ó ti gbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó gbọ́ ohùn mi, ó bi mí bóyá mo tún wá dẹ́rù ba òun ni. Mo ní rárá, mo wá bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́ níwájú agbẹjọ́rò ìjọba lánàá, èmi náà sì ti sọ tèmi. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Kí wọ́n má di apá mi mú. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ iṣẹ́ yìí, òun náà ni n ó fi jáde.

Ọ̀gá Àgbà, ẹ bá mi ṣẹjọ́, ẹ má bá obìnrin ṣẹjọ́. Bí ẹ bá ti ẹ̀ka yìí pa nítorí mi, a jẹ́ pé ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ, torí ọkùnrin tó parọ́ ní kóòtù kò níye, ẹ kò sì ti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá pa rí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Iṣẹ́ rere niṣẹ́ yìí, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá sọ fún yín ohun tó fẹ́ gbọ́ kí ẹ tó lọ wádìí, ẹ jókòó sílé. Bí wọ́n bá ní ẹjọ́ yín ni ipò gbogbo obìnrin dúró lé, ẹ wo ẹnì kan ṣoṣo tó wà nínú àtìmọ́lé, obìnrin lòun náà.

Ìwọ tí o jókòó sẹ́bàá òpó, tí o ti ń di etí àga mú láti ìgbà tí mo ti dárúkọ aránṣọ, èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Má ṣe dìde. Ìyá rẹ kò pa bàbá rẹ. Ìwọ náà kò pa á. Òórùn tí o gbọ́, ọmọdé ló gbọ́ ọ, ọmọdé kò mọ ohun tí májèlé ń jẹ́. N kò ní sọ pé kí o dárí jì mí lónìí, torí n kò fẹ́ kí o tún ṣe nǹkan kan nítorí èmi. Bí o bá fẹ́ dárí jì mí lọ́jọ́ kan, inú mi á dùn. Bí o kò bá fẹ́, o kò jẹ̀bi. Nígbà tí o bá délé, sọ fún àwọn ọmọ rẹ irú ènìyàn tí ìyá-ìyá wọn jẹ́. Ibi tí a sin ín sí kò ní àmì, kò sẹ́ni tó lè júwe rẹ̀ fún ọ bí kò ṣe èmi. Bí o bá gbà kí n bá ọ lọ, n ó bẹ àwọn ọlọ́pàá yìí kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ mọ́, wá síbí, kí n sọ ọ̀nà rẹ̀ fún ọ.